Ta Ni Kí Awẹ́lẹ́wà Dìbò Fún?

Olóòtú wa, mo kí yín o, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ẹ má dárúkọ mi, ojú ń tì mí. Ìyàwó tuntun ni mí ládùúgbò Adébáyọ̀, ìwé mi ò sì pọ̀.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ìdìbò. Awẹ́lẹ́wà ni mò ń pè é, torí ó ti wà nílé kí n tó dé, ọkọ ló jẹ́ fún mi. A jọ ń bẹ iṣu ló bá ní, "Ìyàwó wa, ta ni kí n dìbò fún?"

Ẹ̀rù bà mí. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ń ṣe nílé bàbá mi n'Ígèdè kọ́ ni wọ́n ń ṣe níbí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo wá da orí ọmọ wọn rú. Mo ní, "Ẹni tí Bàbá bá mú ni kẹ́ ẹ mú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá ti sọ tiwọn, bùrọ̀dá ti sọ tiwọn. Tìẹ ni mo bèèrè. Àbí wọn ò kó ẹnu mọ́ ẹrù ìyàwó ẹ ni?"

Mo ní ká ṣáà bẹ iṣu wa tán. Látọjọ́ náà ló ti ní òun ò dìbò mọ́.

Ó ń dùn mí gan-an. Bàbá mi ló ń yàn fún mi tẹ́lẹ̀, ọkọ mi ló kàn. Ọmọ yìí lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè èrò tèmi, mo sì lé e padà.

Ìdìbò ò pẹ́ mọ́. Mo fẹ́ lọ bá a, kí n sọ tinú mi, kóun náà sọ tiẹ̀, kódà bí ọ̀rọ̀ wa ò bá bára mu. Ẹ̀yin àgbà tó ń gbọ́ wa, báwo ni kí n ṣe é tí wọn ò fi ní pè mí ní ìyàwó tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé?