Ọmọ Mi Kò Dá Orin Mọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Olùkọ́ orin ni mí ní Randburg. Tí mo bá kúrò níbi iṣẹ́, mo tún ń lọ yunifásítì, mò ń ka Másítàs lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé lórin. Kí takisí tó já mi sílé, eish, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Lánàá, níbi àdúrà òwúrọ̀, ọmọ mi obìnrin dá orin. Kí n tó mọ̀, mo ti ń tún ohùn rẹ̀ ṣe bí ẹni ń máàkì ìdánwò. Ó dákẹ́. Ó ní, "Mummy, you sing it."

Láàárọ̀ yìí, a gbàdúrà láìkọrin.

Ọkọ mi ní kí n pa ìwé tì. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí mo bá gboyè tán, ọmọ ta ni mo fẹ́ kọ́ lórin, nígbà tí tèmi ti dákẹ́?