Àga Tí Mo Kàn fún Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀

Ọmọ mi tó ti di ìyá ọmọ,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí akọni kékeré tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé ó ń mu ọyàn dáadáa? Ṣé ó ń sunkún? Kó máa sunkún o, kí Ọlọ́run má gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀, torí ọmọ tí a fi oṣù méjì ṣọ́ nínú gíláàsì, orin ni ẹkún rẹ̀ létí mi. Àwa náà wà láàyè. Orókùn ṣì ń dun ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún rárá.

Má bínú pé lẹ́tà lò ń rí. Omi ti wọ inú fóònù, ìyá rẹ ló sì fà á. Nígbà tí fọ́tò ọmọ wọlé lọ́jọ́ tí ẹ ti ilé ìwòsàn délé, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án láìkọ́kọ́ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, pé bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kọ́ wa. Gbogbo àdúgbò tò síwájú bàsíà ọṣẹ. Mo ní fọ́tò kì í kó àìsàn, ó ní ṣé dókítà ni mí ni. Ọwọ́ tútù ń gbà á lọ́wọ́ ọwọ́ tútù, nígbà tó fi máa kan ẹni kẹsàn-án, ojú fóònù ti ṣú. Inú ìrẹsì ló wà báyìí kó lè gbẹ, ìyá rẹ sì ti fi aṣọ òtútù bo ìrẹsì náà.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé. Mo mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ wà lára káàdì tó fi kọ́ àyà, àmọ́ ojú mi ò kà á, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni èmi sọ ọ́. O rántí ọjọ́ tí mo wá? Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n kọ ìdí tí mo fi wá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbéyàwó yín. Nígbà tí mo fi máa dé orí oyún rẹ, ìwé ti kún. Mo ní kí wọ́n fún mi ní òmíràn, akọ̀wé ní kí n jọ̀ọ́ kí n ṣáà máa wọlé.

Bí mo ṣe rí àpótí gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ọmọ sí, ara mi bù máṣọ. Láti ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe káfíńtà, mi ò rí irú iṣẹ́ jákujàku bẹ́ẹ̀ rí. Ihò rogodo méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì! Wọ́n ní òtútù ò gbọdọ̀ mú ọmọ, wọ́n wá dá àpótí rẹ̀ lu. Mo ṣí fìlà mi, mo fi dí ọ̀kan. Mo ń wá ohun tí n ó fi dí èkejì nígbà tí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wọlé. Ojú tì ọ́, mo rí i. Àmọ́ obìnrin náà kò jágbe mọ́ mi. Ó yọ fìlà, ó ká a, ó dá a padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń ronú òtútù ọmọ, pé ihò wọ̀nyẹn, ọ̀nà ọwọ́ ni fún àwọn tó fẹ́ràn ọmọ. Ó mú mi lọ sídìí omi, ó fọ ọwọ́ mi fúnra rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, ó rọra fi búrọ́ọ̀ṣì yọ gúlúù tó ti gan mọ́ mi léèékánná. Lẹ́yìn náà ó kí ọmọ kó tó mú mi dé ìdí ihò. Ó ní ẹ kú ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́, bàbá yín àgbà fẹ́ kí yín. Ọmọ tí kò tó bàtà mi kan, ó ń pọ́n ọn lé, ó ń pè é ní ẹ̀yin! Mo ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, ọmọ rẹ sì di ìka mi mú. Mo sunkún, má ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Tẹlifíṣọ̀n tó wà lókè orí rẹ̀ ńkọ́, tí kò ní ìròyìn, tí kò ní eré, tó jẹ́ nọ́ńbà ṣáá? Mo bi nọ́ọ̀sì pé ta ló ń borí. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó wò ó dáadáa, ó ní ọmọ wa ni. Ọmọ wa ló pè é o.

O sọ fún mi nípa ọjọ́ tí ọmọ gbàgbé láti mí. O ní iṣẹ́ Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ti parí, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ló bá sọ ọ́ sílẹ̀, ó ń fi ìka ra ọmọ lẹ́yìn títí tó fi mí, kò sì kúrò níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Orí ìdúró ló wà. Èyí ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Mo ti kan àga kan fún un, tó ga tó kí ọwọ́ rẹ̀ lè dé inú ihò ní ìjókòó. Awakọ̀ ní àga náà máa gba àyè èèyàn, kó san owó èèyàn. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, tèmi àti ti àga. Má fi gba báńkì o. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà wọn ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní mi ò lè sọ àṣírí lójú èèyàn mẹ́wàá tó tò sẹ́yìn mi, ó bínú, ó gbé káàdì mi mì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè sọ lójú rẹ. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ pè pé ọmọ ti dé kí oṣù tó pé, pé kò wúwo tó páálí ṣúgà kan, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo yọ pákó kúkúrú kan, mo wọ̀n ọ́n. Ọmọ káfíńtà ni ọ́, o mọ ohun tí wọ́n ń fi irú pákó bẹ́ẹ̀ ṣe fún ọmọ tí kò dúró. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn ló máa kàn án fún un ni. Dárí jì mí, ọmọ mi. Nígbà tí mo padà délé, tí ó ń ṣe mí bíi pé ọmọ ṣì di ìka mi mú, pákó yẹn ṣì wà nílẹ̀. Mi ò lè tà á, mi ò lè fi dáná. Òun ni mo fi ṣe ìjókòó àga náà. Má sọ fún Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Kó ṣáà máa jókòó lé e mọ́lẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ náà sí. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni n ó kàn, tó bá ga jù ú lọ, n ó kan òmíràn. N ó kan àga tí yóò gbé lọ sílé ìwé. Kó dàgbà, kó dàgbà, títí tí yóò fi wo iṣẹ́ ọwọ́ mi tí yóò ní kò bá ayé mu mọ́, tí yóò sì lọ fi owó ara rẹ̀ ra èyí tó wù ú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.