Ta Ni Yóò Jókòó Níwájú Mọ́tò?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín kò ní há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí rédíò kan ṣoṣo ni èmi àti orogún mi jọ ń gbọ́.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ wa ní kó mú ọ̀kan: kó gba mọ́tò, tàbí kí wọ́n máa fi owó mọ́tò kún owó oṣù rẹ̀. Ó ní, "Ìyáálé, ìwọ lo mọ ìṣirò nílé yìí, bá mi wò ó."

Mo ṣírò ó. Mọ́tò ló pé wa jù, torí ilé-iṣẹ́ ni yóò máa ra epo àti táyà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ibi iṣẹ́ ọkọ wa ni ṣọ́ọ̀bù orogún mi wà. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi, tó jókòó síwájú, tó ń juwọ́ sí mi: "Ìyáálé mi, ó dàbọ̀ o!"

Ni mo bá ka epo àti táyà mọ́ ìnáwó tiwa, mo ní kó gba owó. Ó ní, "Orí ẹ pé!" Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ajé ló máa buwọ́ lùwé. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́? Màá jẹ́wọ́ o, bí ẹ bá lè kọ́kọ́ sọ fún mi ẹni tí yóò jókòó níwájú.