Ìpara Tí Mo Mú Lọ fún Alhaja

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọyẹ́ ọdún yìí le. Gìgísẹ̀ mi là, mo sì rántí bí ẹ ṣe máa ń fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ yín lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tí ẹ ó máa kùn yùnmù bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni mo gbé wá.

Mo ti ń ta ìpara ní Gbági báyìí. Èyí tó ń yá jù ni ìpara kọ́lájìn. Mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà pé ó ń wọnú awọ lọ, ó ń sọ arúgbó di ọmọge. Ta ló kọ́ mi? Kò sẹ́ni. Mo mú ọ̀kan lọ fún ẹ̀gbọ́n yín, Alhaja, ní Bẹẹrẹ, torí ojú wọn gbẹ, ó ń họ. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni oníkẹ́míìsì tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi là mí lọ́yẹ̀. Kọ́lájìn ni okùn tín-ín-rín tó so awọ ẹran pọ̀. Wọ́n á sè é títí á fi já wẹ́wẹ́. Kì í sọ ẹnikẹ́ni di ọmọge. Orí awọ ló ń jókòó sí, á di omi mú níbẹ̀, kí ọyẹ́ má baà fà á gbẹ.

Mo wá bi ẹni tó ń kó ọjà náà fún mi pé awọ ẹran wo ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

Bàbá, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa lójú ẹsẹ̀. Ojú yẹn ni Alhaja fi ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo.

"Ṣé o béèrè kí o tó mú un wá?"

"Mi ò béèrè, mà."

Wọ́n ní kí n bu omi wá. Èmi ni mo fi ọṣẹ dúdú fọ ojú wọn. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ìpara náà ṣiṣẹ́, Bàbá! Ìyẹn ló pa mí lẹ́kún.

Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun. Mo ti dìde láti lọ jẹ́wọ́ fún àwọn yòókù tó rà á, ní Àrẹ̀mọ àti Òkè Padre, nígbà tí mo rí i tí wọ́n ń wá bàtà wọn.

"Ọmọ àbúrò mi ò ní dá ìtìjú rù," ni wọ́n wí, wọ́n sì ṣíwájú mi jáde.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí ojú ṣì ń tì.