Dígí Méjì Nínú Yàrá Kan

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá.

Ẹyinjúẹgẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ara yín le? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti bàbá wọn tí kì í lè dákẹ́ tó bá ń jẹun? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ti fúyẹ́? Bá mi kí wọn kú ìrọ́jú. Àwa náà wà níbí, a ń jẹ, a ń mu, a sì ń rẹ́rìn-ín. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, oòrùn sì ń yọ́ wọlé bí ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òun. O mọ̀ mí, tí irú oòrùn bẹ́ẹ̀ bá ti tàn, ọkàn mi a máa rìn gbéregbère kiri. Ìyà ọkàn yẹn la jẹ, torí ọkọ tí mo fẹ́ náà, alálàá ni bíi tèmi.

Ọkùnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ilé. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ là ń pè é, nítorí kò sí ohun tí o fọwọ́ kàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní sọ pé, “Ẹ gbé e lọ, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé àga tìmùtìmù, bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé rọ́ọ̀gì tí a ò rí ibi tẹ́ ẹ sí. Èmi á wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, màá máa lá àlá ilé aláràbarà. Ọkọ mi á wà lórí àkàbà níbi tó ti ń kun ilé olówó, òun náà á máa fi ọkàn kó ohun tó rí níbẹ̀ wá sí yàrá wa. Kí n tó fi òwú sójú abẹ́rẹ́, owó aṣọ tí mo fẹ́ rán ti di ti Bàbá Díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí gbèsè náà wọ̀ wá lọ́rùn, ó ní tí oṣù bá fi parí tí a ò san án tán, òun á wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ẹ̀rọ tí màmá mi fi tọ́ mi, tí èmi náà fi ń tọ́ ọmọ!

Gbọ́ ohun tí a wá ṣe. Ọkọ mi rí i pé inú mi ò dùn, ló bá lọ ra dígí gàgàrà kan láwìn láti fi tù mí nínú. Èmi náà rí i pé ojú rẹ̀ fà ro, ni mo bá lọ ra dígí gàgàrà kan láwìn fún un. Ọwọ́ ọkùnrin kan náà la ti rà á, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nínú wa! Ọ̀sán kan náà làwọn alábàárù gbé méjèèjì dé. A gbé ọ̀kan ti ògiri yìí, a gbé èkejì ti ògiri tó dojú kọ ọ́, a rẹ́rìn-ín títí.

Mo wá jókòó sáàárín wọn. Mo rí yàrá wa nínú dígí, mo rí yàrá mìíràn nínú ìyẹn, àga lẹ́yìn àga, títí lọ láìlópin. Ó dára, Ẹyinjúẹgẹ́, ó dára débi pé mo gbàgbé ara mi. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé gbèsè ni gbogbo àga yẹn, mo sì bú sẹ́kún. Ọkọ mi wá jókòó tì mí, ó wò ó pẹ́, ó ní, “Ìyàwó mi, èwo la fẹ́ jókòó sí nínú gbogbo ìwọ̀nyí?”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n nìyẹn. Onígbàjámọ̀ etí ọ̀nà ra dígí kan, olùkọ́ tó ń gbé nísàlẹ̀ ra àga àti rọ́ọ̀gì. A pàdánù díẹ̀ lórí wọn, a gbé e mì. A sì jọ fẹnu kò pé ẹni tí ohun kan bá wọ̀ lójú á kọ́kọ́ sọ fún ẹnì kejì, àti pé tí owó rẹ̀ ò bá sí lọ́wọ́, a ò ní gbé e.

Mi ò tìtorí ìyẹn ṣíwọ́ àlá o. Tí mo bá rí ohun tó wù mí, màá fọwọ́ pa á lára, màá sì padà wálé wá lá àlá rẹ̀ dáadáa. Màá lò ó nínú àlá, màá nu eruku ara rẹ̀, màá máa wò ó bó ṣe ń gbó. Kó tó di ọjọ́ tí mo máa ń fọṣọ, ó ti sú mi. Èyí tí kò bá sú mi la ń tọ́jú owó fún. Ọkọ mi ní òun ò rí irú mi rí, ẹni tó ń lo àga gbó láìrà á.

Oṣù ò tíì parí tí a fi san owó tó kù. Bàbá Díẹ̀díẹ̀ kà á, ó tún un kà, ló bá gbé àtùpà onígíláàsì aláwọ̀ mèremère kan jáde. Ó ní ká gbé e lọ, ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó wù mí. Mo ní, “Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n lọ lá àlá rẹ̀ ná.” Ọ̀rọ̀ náà ò yé e rárá. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín délé.

Lánàá, ìyá kan wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀, ó sì sanwó. Bó ṣe jáde ni mo wọ bàtà, mo dìde láti gbé owó náà lọ sí ìsàlẹ̀ òpópónà. Ẹnu ọ̀nà ni mo dé kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń dúró dè é. Mo padà wá jókòó nídìí ẹ̀rọ mi, owó wà lórí itan mi, mo sì sunkún ayọ̀ títí ọkọ mi fi dé.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún bàbá wọn pé kó jẹun tán kó tó sọ̀rọ̀.

Èmi ni tìrẹ, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́,

Alálàá Ọ̀sán.