Bí Bíńgò Ṣe Dà Wá Pọ̀ Mọ́ Àwọn Onírun Gígùn

                                        Ojúlé 14, Òpópónà Coppice,
                                        Bilston.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, 1985.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Alwyn,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú òtútù. Ṣé ara yín le lórí omi tí ẹ ti ń wa epo níbẹ̀? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Àwa wà dáadáa nílé. Màmá ń kí yín, wọ́n ní ṣé ẹ ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra. Orókùn ṣì ń dun Bàbá, àmọ́ ẹnu wọn ò dùn wọ́n rárá, àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń bá ìjọba jà nínú tẹlifíṣọ̀n.

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí Kérésì kí ẹ lè wá gba ààyè yín nídìí gìtá padà nínú ẹgbẹ́ olórin wa. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ o. Raymond Yardley, onírun dé ìdí tó ń ta gìtá orin mẹ́tà tó wúwo bí irin, ló wà ní ààyè yín báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fa lẹ́tà yìí ya. Ẹ̀yin lẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹnu yín náà lẹ sì fi sọ pé oní-mẹ́tà kankan ò ní dúró níbi tí àwa ọmọ pọ́ǹkì, olórin kúkúrú tó yára, dúró sí. A pa òfin náà mọ́. Bíńgò, tẹ́tẹ́ nọ́ńbà tí àwọn ìyá ń ta, ló bà á jẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án, àwa àti ẹgbẹ́ Raymond jọ gba gbọ̀ngàn àwọn òṣìṣẹ́ irin: kí àwa ṣeré, kí àwọn náà tẹ̀lé e. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Gethin nìkan ni onílù gidi ládùúgbò wa, òun ló ń lù fún wa, òun náà ló ń lù fún wọn. Àwọn ọmọ pọ́ǹkì tò sí ọwọ́ òsì, àwọn oní-mẹ́tà tò sí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ń wo ara wọn bí ìyàwó àti ìyá ọkọ.

A ò tíì so wáyà tán tí Ìyáàfin Tonks tí wọ́n ń mójú tó gbọ̀ngàn fi já wọlé.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, bíńgò ò ní í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ o! Ẹgbẹ́ kan ló máa ṣeré. Ẹ mú ọ̀kan."

Mo ní àwa la kọ́kọ́ dé. Raymond rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ariwo tẹ́ ẹ̀ ń pa yẹn lo fẹ́ pè lórin, Noreen?"

Mo ní, "Ó kéré tán, tiwa máa ń parí. Tìẹ ńkọ́, téèyàn á lọ se tíì, á mu ún tán, á padà wá bá ẹ lórí gìtá!"

Gethin ju igi ìlù sílẹ̀. "Ẹ jọ gòkè wá, àbí kí n máa lọ sílé. Ẹ ti sú mi!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jọ gòkè. Ojú Gethin wà lára aago ògiri, àwọn ìyá oníbíńgò ti ń kan ilẹ̀kùn, ló bá ń sáré lùlù bí ẹni tí ajá ń lé. Raymond fẹ́ dá gìtá ta bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kó tó ṣẹ́jú, orin ti tán. Nígbà tó di orin kejì, ó gbọ́n, ó ki gbogbo gìtá gígùn yẹn bọ àlàfo kékeré tó rí. Èmi tí mò ń kọrin ń pariwo lé e lórí, mi ò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn dákẹ́ fún un. Tiwọn wúwo, tiwa yára, ó wá dà bíi pé ògiri fẹ́ wó. Inú mi dùn débi pé mo ń sunkún. Ará òsì àti ará ọ̀tún dàpọ̀, wọ́n ń forí sọ ara wọn, wọ́n sì ń gbé ẹni tó bá ṣubú dìde. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ìyá oníbíńgò kan béèrè bóyá a ti parí àbí a ṣì ń dán wáyà wò.

Àtìgbà náà la ti jọ ń ṣe é. Raymond ń jẹ ẹ̀wà aláìlẹ́ran tí àwa ọmọ pọ́ǹkì máa ń sè, ó ń ráhùn. Àwọn ọmọ pọ́ǹkì ń dá irun sí, àwọn oní-mẹ́tà kan ti fárí. Ohùn mi ti kẹ̀ débi pé Màmá ń ra oògùn ikọ́ fún mi. Mo gbọ́ pé wọ́n ń po irú ẹ̀ láwọn ìlú mìíràn náà, oníkálukú ló sì ní òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. A ò tíì rí orúkọ fún un. Bàbá ní àwọn ti rí i, ìyà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹgbẹ́ yín ni, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní lé Raymond. Tí ẹ bá gbà, a ó ní gìtá méjì. Tí ẹ bá kọ̀, ọkàn mi máa bàjẹ́ gan-an, síbẹ̀ a máa ṣeré ní ọjọ́ kejì Kérésì. Ẹ bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá gbọ́ ọ ná. Tí inú bá ṣì ń bí yín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá máa bínú.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó ń retí yín,
                                        Noreen Fewtrell.