Bí Dádì Ṣe Tẹ Ọwọ́ Mi

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹta 2006
Dádì ò tún bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n jókòó sí fàráńdà, wọ́n ń bó ọsàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ gba àdúrà ìrònúpìwàdà, kọ́kàn mi lè balẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run ló ń yan ẹni tó máa là. Bó bá yan àwọn, kò síbi táwọn máa sá gbà. Mo ní témi náà bá jókòó sílé, ṣé Ọlọ́run á bá mi ta àlùbọ́sà lọ́jà Mile 12? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi gan-an ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
BP Dádì tún ti lọ sókè. Wọn ò lo oògùn. Ìyẹn náà — ṣé Ọlọ́run ló máa bá wọn gbé e mì?

Ọjọ́ Àìkú, 12
Mo mú Pásítọ̀ Ṣóbọ̀wálé wá sílé ní Ìkòsí. (Ohùn-Ààrá ni mò ń pè wọ́n. Ìwé yìí nìkan ló mọ̀.) Wọ́n ní Dádì gbọ́dọ̀ fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ Jésù, ẹlòmíì ò lè bá wọn ṣe é. Dádì gbọ́ tán, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, Pásítọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Wọn ò jiyàn. Mo jó ní kíṣìnnì.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Dádì ṣubú ní balùwẹ̀. Apá ọ̀tún ti rọ. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọsibítù la wà. Jésù, ṣàánú.

Ọjọ́ Àìkú, 19
Òní ló yẹ kí Dádì fún wa lésì. Pásítọ̀ wá. Mo bi wọ́n pé ti ẹnu ńkọ́, nígbà tí ẹnu ò ṣiṣẹ́ mọ́. Pásítọ̀ fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n di ọwọ́ òsì Dádì mú, kí n bi wọ́n bóyá wọ́n gba Jésù, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tẹ ọwọ́ mi. Dádì tẹ̀ ẹ́. Ó le. Mo sunkún, Pásítọ̀ náà sunkún. Mo pe Súmbọ̀ àbúrò mi ní Gbàgádà: Dádì ti rí ìgbàlà.

Ọjọ́ Ajé, 20
Mi ò bá alábàárù kankan jà lọ́jà lónìí.

Ọjọ́rú, 22
Súmbọ̀ wá sí ọsibítù. Ó di ọwọ́ Dádì mú, nọ́ọ̀sì ń bi wọ́n: ṣé omi ni? Dádì tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ̀kọ ni? Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣé wọn ò fẹ́ nǹkan kan? Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Súmbọ̀ jáde, mo di ọwọ́ náà mú, mo ní, “Dádì, ṣé Súmbọ̀ lèmi?” Èmi Fúnmilọ́lá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe le lọ́jọ́ Àìkú náà ló ṣe le.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25
Dádì kú láàárọ̀ yìí.
Gbogbo ẹni tó ń wá kí wa ló ń bi wá bóyá wọ́n gba Jésù kí wọ́n tó lọ. Súmbọ̀ ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tíì sọ fún un nípa ìbéèrè tí mo bi Dádì. Ẹ̀rù ń bà mí. Èmi tí mo ń pariwo pé ọwọ́ wọn ni ìgbàlà wọn wà, mo ti di ọwọ́ náà mú, mi ò mọ ohun tó sọ. Ta ló tún kù tí mo lè bi, àfi Ìwọ?
Olúwa, bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, jọ̀ọ́, jẹ́ kó jẹ́ ti ọjọ́ Àìkú.